Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀nà Oǹdó àti Ìdàgbàsókè Èbúté Èkó láti 1872

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa èbúté Èkó bí ẹni pé òkun nìkan ni ó sọ ọ́ di ńlá. Iṣẹ́ yìí wo ọ̀rọ̀ náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, èyí ni láti Oǹdó àti Àkúrẹ́ lọ sí etí òkun. A tọpasẹ̀ Ọ̀nà Oǹdó tí ìjọba Èkó ṣí ní 1872, àwọn ohun tí ó gba orí rẹ̀ kọjá, ìdí tí ó fi pa tì lẹ́yìn 1892, àti bí kòkó ṣe tún so àwọn ìlú wa mọ́ èbúté náà. A fi èbúté Yokohama ní ilẹ̀ Jàpáànì wé e. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìlú òkè ni ó ń sọ èbúté di ńlá, àti pé ìlú tí kò bá ní ọwọ́ nínú ọ̀nà tàbí nínú sísọ irè oko rẹ̀ di ọjà pípé kì í jẹ púpọ̀ nínú èrè èbúté.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtùnú ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe fún ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ajé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjà tí ó ní ọ̀nà púpọ̀ kò lè ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tú. Ọjà tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo, abẹ́ ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ibodè ni ó wà. Èbúté ọkọ̀ òkun náà, ọjà ni.

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ìdí tí Èkó fi di èbúté ńlá, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé etí òkun ni ó wà. Ìdáhùn yìí kò tó. Etí òkun ni Àgbádárìgì wà; etí òkun ni Màhín wà; síbẹ̀ wọn kò di Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akintoye ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1969 pé a kò lè sọ ìtàn Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún láìsọ ti ọ̀nà tí ó lọ sí Oǹdó. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé kí a mú ìtàn náà kúrò ní ibi tí Akintoye fi í sí, kí a bá a dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ onikòkó, kí a sì bi í léèrè ohun tí ó lè kọ́ àwa tí a ń gbé Oǹdó àti Àkúrẹ́ lónìí.

Èbúté Èkó àti àwọn ìlú òkè ṣáájú 1872

Òwò ẹrú ni ó kọ́kọ́ gbé Èkó sókè. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà ní oṣù Kejìlá 1851. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò yìí, epo pupa àti èkùrọ́ ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ń wá, nítorí pé wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ, wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ. Àárín Èkó kọ́ ni epo yìí ti ń wá. Inú igbó àti oko àwọn ìlú òkè ni, owó orí ọjà tí ń gba ẹnu omi wọlé ni ìjọba Èkó sì fi ń gbé ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá dí ní òkè, àpò ìjọba a gbẹ ní ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà a sì máa dí. Ọwọ́ Ẹ̀gbá ni ọ̀nà tí ó gba Abẹ́òkúta wà. Ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni èyí tí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Rẹ́mọ wà. Kì í ṣe ìkà ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Alágbàtà ni wọ́n, ọjà tí ó bá sì fo alágbàtà kọjá ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Wọn kò jẹ́ kí ará òkè sọ̀ kalẹ̀ dé Èkó, wọn kò sì jẹ́ kí ará Èkó gòkè. Yàtọ̀ sí èyí, àsìkò ogun ni. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí ìbọn àti ẹ̀tù dé ọwọ́ Ìbàdàn. Nígbà tí Gómìnà John Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n dó ti Ìkòròdú kúrò ní 1865, ọ̀rọ̀ tún bàjẹ́ sí i. Ní 1867, ìṣẹ̀lẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, a sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò níbẹ̀.

Ní ti apá ìlà-oòrùn, ibòmíràn ni ojú àwọn ènìyàn wà. Àkúrẹ́ kọ ojú sí Bìní. Àwọn oníṣòwò Bìní máa ń gba Àkúrẹ́ lọ sí Èkìtì, àwọn kan lára wọn sì tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ni a mọ̀ sí Adó-Àkúrẹ́ títí di òní. Ọjà Àkúrẹ́ ti so mọ́ òkun kí òyìnbó tó dé Èkó, àmọ́ ọ̀nà Bìní ni ó gbà.

Bí Ọ̀nà Oǹdó ṣe ṣí

Ọ̀nà kẹta wà tí kò gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí àárín ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀sà tí ó wà lẹ́yìn Èkó nà lọ sí ìlà-oòrùn, ó kọjá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí, ó sì di odò tóóró tí ó wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè gba orí rẹ̀ dé Atijẹ́rẹ́ àti Ayésàn. Láti Ayésàn, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn nínú igbó kìjikìji títí dé Òde-Oǹdó. Láti ibẹ̀, ẹ̀ka kan lọ sí Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Iléṣà; ẹ̀ka mìíràn lọ sí Àkúrẹ́ àti Èkìtì.

Ìṣòro kan ni ó wà: Òde-Oǹdó ti tú. Ìjà abẹ́lé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti lé àwọn ará ìlú jáde lọ sí Òkè-Ọ̀pá àti àwọn abúlé mìíràn, igbó sì ti bo ọ̀nà. Ní 1872, Glover rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Roger Goldsworthy, pé kí ó lọ bá àwọn ará Oǹdó sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè padà sílé. Wọ́n padà. A kò gbọdọ̀ ka èyí sí pé òyìnbó ni ó tẹ Oǹdó dó. Ìlú náà ti wà pẹ̀lú Ọ̀ṣemàwé àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Goldsworthy tó dé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àǹfààní méjì pàdé ara wọn: Èkó ń wá ọ̀nà tí ẹnì kan kò lè dí mọ́ ọn, Oǹdó sì ń wá àlàáfíà àti ọjà tí yóò mú ilé gbádùn mọ́ ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó gba orí ọ̀nà náà kọjá

Epo, èkùrọ́ àti aṣọ òfì ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ni ó ń gòkè. Orí ènìyàn ni ó ń ru gbogbo rẹ̀ láàrin Ayésàn àti Oǹdó, nítorí náà ẹrù kan kò lè ju ohun tí ọrùn aláàárù lè gbà. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, owó ibodè wà. Ní Oǹdó fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan: oyè Lóbùn, tí í ṣe oyè ọba obìnrin, ní í ṣe pẹ̀lú ìdásílẹ̀ ọjà, àwọn obìnrin sì wà nídìí òwò náà gan-an.

Nígbà tí ogun Kírìjì, ogun ọdún mẹ́rìndínlógún (1877–1893), gbóná, ọ̀nà yìí di okùn ọrùn fún Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Saro àti ilẹ̀ Bùràsíìlì dé, kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, wọ́n sì ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé. Ọ̀nà Oǹdó ni ìbọn wọ̀nyí gbà. Nípa báyìí, ọ̀nà tí a ṣí nítorí epo ni ó ran àwọn tí Ìbàdàn ń jẹ gàba lé lórí lọ́wọ́ láti dúró.

Ènìyàn náà gbà á. Philip Jose Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Bùràsíìlì dé, wà lára àwọn tí ń rìn sókè sódò nítorí àlàáfíà. Frederick Kumokun Haastrup, oníṣòwò ní Èkó, padà sí Iléṣà, ó sì jọba ní 1896 pẹ̀lú orúkọ Ajímọ́kọ̀. Àlùfáà Charles Phillips dé Oǹdó ní 1877, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ ní agbègbè náà títí di 1906 tí ó kú. Òun àti Samuel Johnson ni Gómìnà rán sí àwọn ọmọ ogun méjèèjì tí wọ́n fi ṣe àdéhùn 1886. Bí a bá ń wá ìdí tí ìwé kíkà fi tètè fìdí múlẹ̀ ní Oǹdó, ojú ọ̀nà yìí ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ Màhín àti òpin ọ̀nà náà

Ibi tí èrè bá wà ni ojú máa ń wà. Àwọn oníṣòwò Jámánì rí i pé bí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀ sí etíkun Màhín, ọjà wọn lè bọ́ sí Ọ̀nà Oǹdó láìsan owó orí ọjà ní Èkó. Ní 1885, ilé òwò G. L. Gaiser bá Amàpetu ti Màhín ṣe àdéhùn lórí etíkun náà, aṣojú ìjọba Jámánì, Gustav Nachtigal, sì fọwọ́ sí i. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè méjì ní Yúróòpù fa etíkun Ìlàjẹ mọ́ra wọn lọ́wọ́ nítorí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú là. Ní 1893, Gómìnà Gilbert Carter rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ogun Kírìjì sì parí. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú kúrú ju ti Oǹdó lọ, kò sí oníṣòwò tí yóò rìn jìnnà nígbà tí ó lè rìn nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ ní 1896 láti Èkó dé Ìbàdàn ní ìparí ọ̀rúndún náà. Kò yà sí Oǹdó, kò sì yà sí Àkúrẹ́. Ọ̀nà tí ìdínà àwọn ẹlòmíràn bí ni ìṣíléṣí wọn pa. Oǹdó ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ogún ọdún; kò sí ilé iṣẹ́, kò sí afárá, kò sí irin tí ogún ọdún náà fi sílẹ̀ fún un.

Yokohama: ẹlẹgbẹ́ kan ní òkèèrè

Kí ohun tí Oǹdó pàdánù lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí a wo èbúté mìíràn tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti Èkó dọ́gba. Abúlé apẹja ni Yokohama kí ìjọba Jàpáànì tó ṣí i fún àwọn oníṣòwò òkèèrè ní 1859, ọdún méjì ṣáájú kí Dòsùnmú tó fi ọwọ́ sí ìwé. Àdéhùn tí kò dọ́gba ni Jàpáànì náà fi wọ òwò yìí: àwọn àjèjì ni ó dín owó orí ọjà tí ó lè gbà kù, ọdún 1911 ni ó tó gba àṣẹ kíkún lórí rẹ̀. Òwú ṣẹ́dà ni ọjà pàtàkì tí ń ti ibẹ̀ jáde. Bí epo, kì í ti etí òkun wá. Inú àwọn abúlé òkè ni àgbẹ̀ ti ń sin kòkòrò tí ń pa òwú náà.

Ní 1872, ọdún kan náà tí Goldsworthy ń rìn nínú igbó Ayésàn, Jàpáànì ṣe nǹkan méjì. Ó ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ láàrin Tokyo àti Yokohama. Ó sì dá ilé iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní Tomioka, ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí a ó ti máa fi ẹ̀rọ ran òwú ṣẹ́dà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Wọ́n gba ará Faransé kan, Paul Brunat, láti kọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin láti ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi ni a mú wá síbẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n sì padà lọ kọ́ àwọn ará ilé wọn. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ pẹ̀lú.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin ni ó jìyà ní àwọn ilé iṣẹ́ ṣẹ́dà tí ó tẹ̀lé e, ilẹ̀ ríri sì wó Yokohama palẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1923. Ṣùgbọ́n ìlú náà dìde, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ àti ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti wa kò sí nínú òkun. Ìjọba ara wọn ni ó la ọ̀nà, ó sì fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sí òkè. Ní ti wa, ìjọba àjèjì ni ó la ọ̀nà, ohun tí yóò jáde nìkan ni ó sì wò.

Kòkó: ọ̀nà kejì

Èkó kò dúró. Òkìtì iyanrìn tí ó wà lábẹ́ omi ní ẹnu òkun ti ń dá ọkọ̀ ńlá dúró láti ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ kékeré ni a fi ń ṣí ẹrù wọlé. Láti nǹkan bí 1908 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri sínú òkun kí omi lè máa gbá iyanrìn náà lọ. Ní 1914, ọkọ̀ ńlá ti lè wọlé tààrà. Ní 1926, èbúté Àpápá ti ní ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin fún ọkọ̀ ńlá.

Ohun tí ó kún inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni kòkó. Oko àwọn ará Èkó bíi J. P. L. Davies ní Ìjàn àti J. K. Coker ní Agége ni ó ti tàn ká. Àwọn òṣìṣẹ́ oko tí wọ́n ti Agége padà àti àwọn ọmọ ìjọ ni ó gbé e dé ọ̀pọ̀ ìlú òkè. Igbó Oǹdó, tí ó jẹ́ ìṣòro fún aláàárù Ọ̀nà Oǹdó, ni ó wá di ọrọ̀. Kòkó fẹ́ràn òjò àti ibòji. Títí di òní, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní iwájú nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ń ṣe kòkó ní Nàìjíríà. Lọ́rì ni ó gbé e dé Èkó, nítorí pé irin kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ta ni ó jẹ èrè? Láti 1947 tí a ti dá ìgbìmọ̀ ìtajà kòkó sílẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ni ó ń dá iye owó tí àgbẹ̀ yóò gbà, ó sì ń fi ìyókù pamọ́. Láti 1954 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Owó yìí wà lára ohun tí a fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ka ìwé yìí ni àǹfààní rẹ̀ sì kan ilé wọn. Òótọ́ ni pé èyí jẹ́ rere. Òótọ́ náà ni pé kòkó gbígbẹ nínú àpò ni ó ń kúrò ní Oǹdó, ṣokoléètì sì ni ó ń padà wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986, àgbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ ọjà àgbáyé. Ilé iṣẹ́ tí ń fọ́ kòkó wà ní Ilé-Olújì lóòótọ́, àmọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó wa ṣì ń lọ sí òkèèrè ní tútù.

Èbúté lónìí àti etíkun Ìlàjẹ

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Èkó lẹ́yìn òmìnira tún fi òtítọ́ òwe wa hàn. Ní 1975, ọkọ̀ tí ó lé ní 400, tí sìmẹ́ńtì kún inú ọ̀pọ̀ wọn, tò sí ojú òkun Èkó láìrí ibi gúnlẹ̀. Èyí ni ó mú kí a kọ́ èbúté Tin Can Island tí a ṣí ní 1977. Ní 2006, a fi àwọn èbúté náà fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti máa darí. Síbẹ̀, láàrin 2017 àti 2020, ọkọ̀ àjàgbé a máa tò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ojú ọ̀nà Àpápá. Ẹni tí ó gbé kòkó láti Oǹdó a dé Èkó ní ọjọ́ kan, a sì lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé ẹnu ibodè. Òkun ṣí, ọ̀nà ni ó dí. Ní 2023, èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ojú ọ̀nà ọ̀sà kan náà tí àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n Ọ̀nà Oǹdó ń gbà kọjá.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ti ń gbèrò fún ọdún púpọ̀ láti kọ́ èbúté omi jíjìn sí etíkun Ìlàjẹ. Èrò rere ni, ìtàn sì ti i lẹ́yìn, nítorí pé àwọn ará Jámánì rí àǹfààní etíkun yìí ní 1885. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ méjì wà nínú ìtàn kan náà. Èkíní, òkun tí a fẹ́ fi ṣe ọrọ̀ yìí ni ó ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀dó ní 1947, tí ilé, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń bọ́ sínú omi. A kò lè kọ́ èbúté fún àwọn ènìyàn kí a sì jẹ́ kí òkun gbé ilẹ̀ wọn lọ. Èkejì, bí a bá kọ́ èbúté tí kòkó tútù nìkan ń gbà jáde, a kàn fa Ayésàn gùn ni. Ilé iṣẹ́ ní Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Ilé-Olújì, àti ọ̀nà tí ó so wọ́n mọ́ Ìgbókọ̀dá, ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ìlú òkè ni ó ń ṣe èbúté. Ìdínà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ó bí Ọ̀nà Oǹdó; ọ̀nà náà bọ́ ìjọba Èkó, ó ran Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́, ó sì mú ìwé wá. Ó pa tì nítorí pé ojú ọ̀nà lásán ni, kò sí ohun tí a kọ́ sí ẹ̀bá rẹ̀. Yokohama fi hàn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Fún olùkọ́, iṣẹ́ wà níhìn-ín. A máa ń kọ́ ọmọ ní ìtàn nínú yàrá kan, a ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti omi nínú yàrá mìíràn, bí ẹni pé àwọn méjèèjì kò mọra. Kí olùkọ́ ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ rán àwọn ọmọ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibi tí ibodè wà tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tí lọ́rì kòkó ń gbà, ibi tí àpò kòkó ń kó jọ kí ó tó lọ. Kí wọ́n ya ọ̀nà náà sí orí ìwé láti ilé wọn dé etí òkun. Àwọn tí ó mọ ìdáhùn ń dínkù lọ́dọọdún. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí èbúté bá gbàgbé wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa fúnra wa gbàgbé pé àwa ni orísun.